Okùn ló kọ́ mi níṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi ní Alaska

Sáà méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ kékeré kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Alaska, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án. Ọkọ̀ náà kì í gbà ju èrò 60 lọ. Juneau la ti máa ń gbéra. Olú-ìlú Alaska ni, síbẹ̀ kò sí títì tó ti ìlú mìíràn wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ òfuurufú, á wọ ọkọ̀ ojú omi. Látìgbà tí mo ti ń gbé fọ́tò ibẹ̀ sí Facebook ni àwọn ará ilé ti ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti okùn ná, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀.

Okùn tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ èbúté, ẹnì kan á dúró níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, kápútẹ́ẹ̀nì á máa fi wọkí-tọkí pàṣẹ láti òkè. A ó ju okùn sí ẹni tó wà nílẹ̀, á fi ojú okùn náà kọ́ irin èbúté, àwa á sì yí ìyókù mọ́ kílíìtì, ìyẹn irin oníwo méjì tó wà lára dẹ́ẹ̀kì. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ń wọ èbúté Petersburg, òjò ń rọ̀, omi ń ṣàn kíkankíkan. Mo ti yí okùn mọ́ kílíìtì lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù okùn ká wọnú ara wọn nílẹ̀ bí òrùka, ẹsẹ̀ òsì mi sì wà láàárín òrùka yẹn. N kò rí i, ojú mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní èbúté. Omi ti imú ọkọ̀ kúrò, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ohun tí mo mọ̀ tẹ̀ lé e ni pé bósùn, ọ̀gá àwa òṣìṣẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ti gbá ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú, ó wọ́ mi sẹ́yìn, mo fìdí jókòó. Òrùka náà fún pọ̀ ní ojú mi, níbi tí ọrùn ẹsẹ̀ mi wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú.

Kò bú mi. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tán, ó ní kí n wo ẹsẹ̀ mi, kí n wo okùn, kí n tún wo ẹsẹ̀ mi. Títí dòní, n kì í fọwọ́ kan okùn láì kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ mi wà.

Ẹ má ṣe fi okùn wé ọwọ́ yín láéláé, bó ti wù kó máa yọ̀ tó. Ẹ bọ́ òrùka ìgbéyàwó kúrò níka kí ẹ tó bọ́ sórí dẹ́ẹ̀kì. Bí okùn bá ti le gbagidi, ẹ kúrò ní ọ̀nà rẹ̀, torí tó bá já, ọ̀nà yẹn ló máa gbà padà wá. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ kọlu èbúté, ẹ má na ẹsẹ̀ láti fi tì í sẹ́yìn. Fẹ́ńdà, àwọn róbà ńlá tí a ń so kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ló wà fún ìyẹn. Ọkọ̀ kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ló wà láàárín.

Ohun tó ṣòro fún mi jù ni kí n máa tún àṣẹ sọ. Bí kápútẹ́ẹ̀nì bá ní kí n so okùn iwájú, èmi náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ padà sínú wọkí-tọkí pé mo ń so okùn iwájú, tí mo bá so ó tán kí n tún sọ pé ó ti so. Nílé wa l'Ẹ̀pẹ́, ọmọ tó bá ń tún ọ̀rọ̀ àgbà sọ, wọ́n á ní ó ń sín àgbà jẹ ni. Nítorí náà mo máa ń dákẹ́, màá kàn ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Kápútẹ́ẹ̀nì ò rí mi láti ibi tó wà, kò mọ̀ bóyá mo gbọ́ tàbí n kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún un sọ, kó sì dún ketekete.

Ilé náà ló sì kọ́ mi ní ohun tó gbà mí lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú èrò wa, a sì máa ń fi ọkọ̀ róbà gbé wọn lọ wo yìnyín ní Tracy Arm, ọ̀nà omi tóóró kan láàárín òkè, tàbí kí a gbé wọn gúnlẹ̀ sétíkun. Bí a bá fẹ́ gbé ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ róbà, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kó di ọrùn ọwọ́ yín mú, kí ẹ di tirẹ̀ mú. Bí òjò bá mú kí ọwọ́ kan yọ̀, èkejì ṣì dì í. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ìgbì á gbé ọkọ̀ róbà sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà tó bá dọ́gba pẹ̀lú àtẹ̀gùn ni kó gbé ẹsẹ̀. Màmá kan wà tó ń lo ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ìgbì mẹ́rin kọjá kó tó gbé ẹsẹ̀, èrò sì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń lé wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ì bá ti máa kán an lójú. Wọ́n ní kí n máa pe irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́, "Mà" àti "Sà" ni mo ń pè wọ́n títí mo fi kúrò.

Omi. Ọ̀sà ni mo ti kọ́ wíwẹ̀, mo sì rò pé mo mọ omi. Omi Alaska yàtọ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá já sínú rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 láti fi kápá èémí rẹ̀, nítorí òtútù á mú kó máa mí gúlegúle; ìṣẹ́jú 10 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ṣiṣẹ́; lẹ́yìn bíi wákàtí 1, òtútù lè mú kó dá kú. Ẹni tó mọ̀ wẹ̀ jù láyé, ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, bí kò bá sì wọ ẹ̀wù amúléfòó, á rì. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é pinpin.

Ẹ tún ronú nípa bí omi ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà. Ó lè ju mítà 5 lọ láàárín wákàtí 6. Àtẹ̀gùn tó ti èbúté tó léfòó lórí omi dé ilẹ̀, tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láàárọ̀, á ti dà bí òkè gbágungbàgun lọ́sàn-án, ẹ ó sì gbé àpótí èrò gun un.

Ìyókù iṣẹ́ náà ni gbígbá, nínu iyọ̀ kúrò lára fèrèsé, híha ìpẹtà àti kíkun ọ̀dà, dída ìdọ̀tí nù, àti rírìn yíká ọkọ̀ lóru láti gbóòórùn èéfín. Wákàtí 12 lójúmọ́ ni tiwa, kò sí Sunday. Bí òkun bá ń mú kí èébì máa gbé yín, ẹ jẹ atalẹ̀, kí ẹ wo ọ̀ọ́kán, kí ẹ má lọ dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ní ti rírí iṣẹ́ náà: òfin Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1886 ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa gbé èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni irú tiwa yìí, ọmọ ìlú àti àwọn tó ní green card ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á ti Èkó gbé yín wọ irú ọkọ̀ yìí tí ẹ bá san owó, ẹ sá fún un. Kódà nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gba ará òkèèrè, àdéhùn àgbáyé MLC ti ọdún 2006 lórí iṣẹ́ atukọ̀ kò gbà kí aṣojú gbowó wíwáṣẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀. Owó ìwé-ẹ̀rí ìlera, ìwé atukọ̀ àti ìwé ìrìnnà nìkan ló lè kan atukọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún irú àwọn oníjìbìtì yìí, ó dùn mí dọ́kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ lọ gba TWIC, káàdì ìdánimọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti èbúté, lọ́dọ̀ TSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ìrìnnà. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbà yín á yẹ ìtọ̀ yín wò fún oògùn olóró. Igbó kò lòdì sófin Alaska mọ́ láti 2015, àmọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń darí àyẹ̀wò atukọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì bá igbó nínú ìtọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́. Ìgbà òtútù ni kí ẹ ti máa kọ̀wé wáṣẹ́, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń dúró de èsì, ẹ ra okùn mítà 2, kí ẹ máa ta bowline, kókó atukọ̀ tó ní ojú tí kì í fún, lálaalẹ́ títí ẹ ó fi lè di ojú pa ta á, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tútù lọ́wọ́.