Òkè Fuji Tó Wọ Inú Ojú Rírán: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ìbòmú Aláwòrán

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Àbújá, Èkó àti Ògùn pa nítorí àrùn kòrónà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbòmú ló bọ́ ilé mi ní Kubwa. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń bi mí bóyá mo lè fi iṣẹ́ àwọn àgbà ayàwòrán sí i lára.

Ìgbì òkun Hokusai, ará Japan, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwòrán nǹkan bí ọdún 1831. Ìgbì yẹn dìde gàgàrà, Òkè Fuji sì wà lọ́hùn-ún lábẹ́ rẹ̀, kékeré báyìí, orí rẹ̀ funfun. Mo gbé pátánì tó ní ojú rírán láàárín lé e, mo gé e, mo rán an. Ìgbà tí mo yí i síta, n kò rí Fuji mọ́. Ó ti bá etí aṣọ wọ inú lọ. Ogún ìbòmú ni mo bà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí n tó mú sísọ́ọ̀sì, mo máa ń wá ibi tí ojú ènìyàn yóò kọ́kọ́ bà lára àwòrán, màá sì fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Nínú ọmọbìnrin tí Vermeer kùn, tó fi aṣọ búlúù wérí, yẹtí rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òru oníràwọ̀ tí Van Gogh kùn ní 1889 kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló le. Àwòrán tí a ń fi ooru tẹ̀ láti orí bébà kì í dúró lára òwú, polyester ló ń gbà á. Ó dùn mí, torí ta ni yóò lẹ polyester mọ́ imú nínú ooru oṣù Kẹta níbí? Ìgbà tó di oṣù Kẹfà 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aráyé nímọ̀ràn ìpele mẹ́ta: òwú tó ń fa omi nínú, polypropylene, ìyẹn aṣọ oníke tí a kò hun, láàárín, polyester tí omi kì í tètè wọ̀ níta. Ibi tí àwòrán ń fẹ́ náà ni ìlera ń fẹ́! Tí ẹ bá rán an tán, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ àbẹ́là. Tí iná bá kú, aṣọ yẹn ti fẹ́lẹ́ jù, ẹ tú u.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, màmá kan láti Ifẹ̀ fi Tutu hàn mí lórí fóònù, Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà. Ọwọ́ mi ń yún mi. Ṣùgbọ́n Enwonwu kú ní 1994, òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sì fi ẹ̀tọ́ ayàwòrán sílẹ̀ fún àwọn tó jogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, a ò tíì gba àṣẹ wọn." Mo mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo ti tọ́jú, mo rán an fún wọn, ẹyẹ kan péré ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ojú rírán kò kàn án.