Tírígà kan tí ó gba ọ̀sán Sátidé méjì lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ títún marker paintball ṣe, ìyẹn ìbọn eré tí ń fi afẹ́fẹ́ yin bọ́ọ̀lù ọ̀dà, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní pápá ìṣeré kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Airsmith ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, ìyẹn alágbẹ̀dẹ afẹ́fẹ́, orúkọ náà sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé agboolé alágbẹ̀dẹ gidi, tí wọ́n ń fínná, tí wọ́n ń rọ ọkọ́ àti àdá, ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí oníbàárà bá ní tírígà òun kò ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kan síkúrù kankan títí ẹ ó fi rọra fa tírígà náà, tí ẹ ó sì rí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti já.

Ara Autococker kan tí mo fúnra mi kó jọ ni mo ti kọ́ ọ. Bud Orr ló ṣe irú marker yìí láti ara Sniper, èyí tí ọwọ́ ni a fi ń pọ́ǹpù rẹ̀ kí a tó yìn ín; afẹ́fẹ́ ni ó wá fi rọ́pò ọwọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni tírígà ń ṣe nínú fífà kan ṣoṣo. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń tú ìkọ́ tí ó di òòlù inú mú, òòlù á gbá fáàfù, bọ́ọ̀lù á sì jáde. Bí ìka bá ń bá a lọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so mọ́ tírígà á sún ọ̀pá inú fáàfù kékeré tí ó wà níwájú, písítìnì á ti bulọ́ọ̀kù ẹ̀yìn sẹ́yìn, òòlù á tún há mọ́ ìkọ́, bọ́ọ̀lù mìíràn á sì bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tú ìka sílẹ̀ ni bulọ́ọ̀kù tó ń padà síwájú. Bí ó bá ṣí kí marker tó yìn, ètò ti dàrú nìyẹn, bọ́ọ̀lù ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Tèmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rọra fà á lórí tábìlì, ó ń ṣiṣẹ́ geerege. Bí mo bá gbé e dé pápá, tí mo ń fà á kíákíá, yóò yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, bulọ́ọ̀kù á sì dúró sí agbedeméjì ọ̀nà. Mo di ẹ̀bi ru régúlétọ̀, ìyẹn ohun tí ń díwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, mo fi kún agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bulọ́ọ̀kù wá ń gbá bí ilẹ̀kùn tí ìjì ń gbá, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sínú. Mo pààrọ̀ o-ring písítìnì, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, mo pààrọ̀ sípíríǹgì òòlù. Sátidé kan lọ báyẹn.

Ní ọ̀sán Sátidé kejì, mo yọ gbogbo bọ́ọ̀lù kúrò, mo fa tírígà dé òpin, n kò sì tú ìka sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró “ṣíìì” tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ le sí i, ìró náà dákẹ́. Ọ̀pá fáàfù kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé; o-ring ara rẹ̀ dúró sórí ihò dípò kí ó kọjá rẹ̀. Ohun tí ó dá a dúró ni síkúrù kékeré tí mo fúnra mi fi sẹ́yìn tírígà kí fífà rẹ̀ lè kúrú, kí n lè fi ṣe fáàrí lójú ẹgbẹ́, tí ó sì ti ń yí wọlé díẹ̀díẹ̀ bí marker ṣe ń gbọ̀n. Lórí tábìlì, ìka mi ń fi agbára parí iṣẹ́ náà láìmọ̀. Lórí pápá, ìka ń sáré. Mo yí síkúrù náà padà ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, mo fi gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù dì í. Ẹ má lo pupa, nítorí iná ni ẹ ó fi tú u.

Bí tírígà bá ń lọ tí kì í padà, ẹ wò ó bóyá ó ń ha ara férémù, pàápàá nígbà tí ẹ̀yà ara marker bá ti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Sáńpépà kíkúnná ni ẹ fi dán an, kì í ṣe gírísì. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń lo bátìrì, bátìrì tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i.

Lẹ́yìn tí ó tán, mo wọ awò ààbò, mo yìn ín síwájú ẹ̀rọ tí ń wọn ìyára. Ó fi 310 hàn. Ẹsẹ̀ bàtà 300 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin tí ọ̀pọ̀ pápá ń gbà, sípíríǹgì òòlù tí mo pààrọ̀ láìnídìí ló sì gbé e kọjá ibẹ̀. Mo dá ti àtijọ́ padà, mo tún un wọ̀n, kí n tó gbé e wọ pápá.