Bàbá Táyé àti ọkọ̀ ńlá

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín o. Àárọ̀ àná lèmi àti Bàbá Táyé kúrò ní Àjàṣẹ́, a lọ wo ọkọ̀ ní Kútọnu. Ọmọ mẹ́rin, ìyá ọkọ mi, àpò gàrí: ọkọ̀ kékeré wa ò gbà wá mọ́ tá a bá ń lọ Kétu. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Pòbẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí Bàbá Táyé ṣe rí Toyota Highlander hybrid ti 2020, ẹnu rẹ̀ ò padé mọ́. Ìjókòó ìlà mẹ́ta! Ọmọkùnrin tó ń tà á sọ pé ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 àti ẹ̀rọ oníná mànàmáná ló jọ ń wà á. Téèyàn bá tẹ bíréèkì, bátìrì ń gba agbára padà, kò sídìí láti so ó mọ́ iná ilé.

"Àbúrò, ibo ni bátìrì ọ̀hún wà?"

"Abẹ́ ìjókòó àárín ni, Màmá."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé láti tù ú lára, eruku ti dí i pa! Mo pe mẹkáníìkì wa, ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì bí ẹni mowó. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Màmá, ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà yẹ bátìrì yẹn wò ná. Ẹ ò sì gbọdọ̀ da kpayo sí i o."

Kpayo kẹ̀! Epo inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà tí Bàbá Táyé fẹ́ràn jù!

Látàná, "ẹ̀n" nìkan ló fi ń dá mi lóhùn. A ó padà lọ ní Àbámẹ́ta, mẹkáníìkì á bá wa lọ.