Kò Sí Nǹkan Kan

Mo ti paná, mo ti dùbúlẹ̀, mo tún dìde tàn án. Gbólóhùn kékeré kan ni kò jẹ́ kí n sùn.

Lọ́sàn-án yìí ni ìyá ọmọ tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní kíláàsì mi wá mú un lẹ́nu géètì. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Kí lẹ kọ́ lónìí?" Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, mà." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni kò ti sí nǹkan kan." Wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn wọn.

Ìyókù ọjọ́ náà: òjò ò jẹ́ ká ṣeré níta, a wọn igun, ẹnìkan da omi sórí ìwé ẹnìkejì, wọ́n sì parí ìjà náà láìpè mí.

Kò sí nǹkan kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Nígbà tí ọmọ yìí wọ kíláàsì kẹrin, tí ẹ bá ní kó mú èyí tó tóbi jù nínú 1/4 àti 1/8, 1/8 ni yóò mú, torí pé 8 ju 4 lọ. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Lọ́jọ́ kan mo fún un ní bébà, mo ní kó ká a sí méjì, kó tún un ká. Ó ṣí i, ó ka apá mẹ́rin. Mo ní kó dá a padà bó ṣe wà, kó ká a lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́jọ. Ó gbé ìka lé ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. "Ó ti kéré sí i." Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ni. Ṣé ìyẹn náà wà lára ohun tí kò sí?

Àti 7 × 8 tó máa ń gbé e ṣubú! Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló fi hàn án pé 5, 6, 7, 8 ló tò tẹ̀ léra: 56 ni 7 × 8. Kò gbàgbé é mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ, ṣá.

Bóyá òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ohun tó bá ti mọ́ni lára tán, a kì í rántí pé ẹnìkan kọ́ wa ni. Ta ló rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọ èyí tán ni ara mi tún kọ̀ ọ́. Ó rọrùn jù. Nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò sí.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ka odidi ìpínrọ̀ kan já geere lánàá, kò kọsẹ̀ níbì kan. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó wò mí. Ó tún un kà, ó sì yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tí kíláàsì kẹrin ti le nìyẹn. Títí di kíláàsì kẹta, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Lọ́dọ̀ tèmi, ìwé kíkà ni wọ́n máa fi kọ́ gbogbo ohun tó kù, ìbáà ṣe òkúta, iná mànàmáná tàbí ìtàn. Kíláàsì kẹrin yìí náà ni ìdánwò PIRLS ń wò, tí wọ́n fi ń wọn bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè láti 2001, ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún mi pẹ̀lú ọmọ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta...

Mo rò pé ẹ̀rín ìyá yẹn ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ ọmọ lọ. Ó dà bíi pé ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Ǹ bá pè é padà. Kí ni ǹ bá sọ? Pé lóṣù àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ máa ń fi rọ́bà pa ìdáhùn tó bá ṣì rẹ́ títí bébà á fi ya, á sì bo ojú ibi tó ya náà mọ́lẹ̀ kí n má baà rí i? Bóyá ó mọ̀. Bóyá òun ló ń ra ìwé tuntun.

Mo ti wá dìde jókòó, kí n kúkú máàkì. Tirẹ̀ ló wà lókè. Igun kejì, ó ka òdì nínú ìlà nọ́ńbà méjì tó wà lára ike tí a fi ń wọn igun, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe, ó kọ 120. Ó wá fa ìlà kan ṣoṣo lé e, ó kọ 60 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́: "kò tó 90."

Kò sí ibi tó ya.

Ìwé mẹ́sàn-án ló kù.