Ère tí mo dúró tì lónìí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti itẹ́ òkú Green-Wood ní Brooklyn dé ni. Ère DeWitt Clinton ni mo dúró wò títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ọkùnrin tó jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ New York láyé ijọ́un.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára ìdí ère náà: àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa ilẹ̀. Ipa odò Erie nìyẹn, odò àtọwọ́dá tí wọ́n gbẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lè máa gbà á, máìlì 363, láti Albany dé Buffalo. Nígbà tí Clinton ń jà fún un, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kòtò Clinton ni. Ní 1824, àwọn alátakò rẹ̀ yọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀ odò náà, bẹ́ẹ̀ kò gbowó oṣù kankan níbẹ̀ o! Inú bí ará ìlú, wọ́n sì dìbò yàn án padà sípò gómìnà lọ́dún yẹn gan-an. Ní oṣù kọkànlá 1825, òun fúnra rẹ̀ ló da omi adágún Erie sínú òkun láti fi ṣàjọyọ̀ pé odò náà ti parí.

Ó kú lórí oyè ní 1828. Gbèsè ló fi sílẹ̀. Ẹbí rẹ̀ ò rówó ilẹ̀ ìsìnkú, ibojì ẹlòmíràn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 dọ́là ló kọjá lọ́wọ́ rẹ̀! Omi lé ròrò sí mi lójú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ ti rí aláṣẹ tó kú báyìí rí?