Àbámẹ́ta: irun tó ki, áyọ́ọ̀nù àti ọ̀rọ̀ omi

Alẹ́ àná, ọjọ́ Ẹtì, ni iṣẹ́ irun nínà ti bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ òní ló parí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún irun tó ki tó sì ká mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kó sì nà án láàárín wákàtí kan kó tó jáde nílé, irun jíjóná ló ń wá. Áyọ́ọ̀nù, irin oníná tí a fi ń na irun, là ń bú bí irun bá bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ọ̀rọ̀ omi ló gba ìyókù: ìgbà tó yẹ kó wà nínú irun, àti ìgbà tí ẹ̀kán rẹ̀ kan kò gbọ̀dọ̀ ṣẹ́ kù.

Oríṣi ìdè méjì ló di irun mú sí bó ṣe ká. Ìdè kìíní kò le: omi ń tú u, iná ń tú u, á sì tún so bí irun bá ti gbẹ tàbí tó bá ti tutù. Bó bá wà ní nínà nígbà tó ń so, nínà ló máa dúró sí. Ìdè kejì, èyí tí sulphur so, kò ka omi sí. Rílásà ló ń já a, ibi tó bá sì ti já kì í ká mọ́ àfi kí irun tuntun hù. Ìdè kìíní nìkan ló yẹ kí iná áyọ́ọ̀nù kàn. Nítorí náà, yíyá la yá irun tí a fi iná nà. Òjò kan, òógùn kan, ó ti gba ara rẹ̀ padà.

Ẹ má fọ irun tó ta kókó, torí ńṣe ni fífọ̀ á tún mú kókó náà le sí i. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ wọ́n omi sí ọ̀kan, ẹ fi kọndíṣọ́nà tó ń yọ̀ pa á, kí ẹ sì fi ìka tú u kí òòyà tó débẹ̀. Kí eyín òòyà ọ̀hún jìnnà síra. Ṣóńṣó irun ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀ ń kó gbogbo kókó jọ sójú kan ni, ìró “pá, pá” tó sì ń gbọ́ yẹn, irun tó ń já ni. Ẹ wo irun tó bá bọ́ sọ́wọ́ yín dáadáa lójú iná. Bí nǹkan funfun róbótó bá wà ní ìdí rẹ̀, ó re fúnra rẹ̀ ni, kò sí wàhálà. Bí kò bá sí, tó tún kúrú, ọwọ́ yín ló já a.

Ṣáńpù lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ yẹn, kódà fún ẹni tí kì í sábà lò ó. Ìpara àti òróró ọjọ́ pípẹ́ tó bá ṣẹ́ kù lára irun ló máa dín lábẹ́ áyọ́ọ̀nù lọ́jọ́ kejì. Òun ló ń rú èéfín, òun náà ló ń mú irun lẹ̀ pọ̀ tí kì í fì. Awọ orí ni kí ẹ fi ìka fọ̀, ìfófòó tó bá ṣàn wálẹ̀ tó fún ìyókù. Lẹ́yìn náà, kọndíṣọ́nà tó lágbára fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lábẹ́ fìlà ọ̀rá, kí ẹ sì ṣàn án kúrò tán. Ẹ̀wù olówùú tó ti gbó ló dára láti fi fún omi irun. Ẹ fún un ni o, ẹ má fi ra á.

Ibí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó máa ń tan dráyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òwú ni mo fara mọ́. Òwú ń na irun láìsí iná rárá, bí irun bá sì ti nà dé àyè kan kí áyọ́ọ̀nù tó dé, iná tí ẹ ó nílò á dín kù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí irun gbẹ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ná. Irun tó rin gbindin tí ẹ fi òwú kó, inú rẹ̀ kò ní í gbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́, á sì máa rùn. Ẹ fi kọndíṣọ́nà tí a kì í ṣàn dànù pa á, bíi ṣíbí tíì kan fún ìpín kan. Ìpín 10 sí 12 tó. Ẹ yí òwú lẹ́ẹ̀mẹta mọ́ ìdí kó lè dúró, kí ẹ wá máa yí i lọ sí ṣóńṣó, kí ọwọ́ kejì sì fa irun le díẹ̀. Àlàfo àárín ìyí kan àti èkejì kò gbọ̀dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ibi tó bá fẹ̀ jù, irun á wú síbẹ̀, ẹ ó sì bá a ní kókó-kókó láàárọ̀. Bí etí orí bá ń dùn yín tàbí tó yọ wúruwúru, ẹ tú u kíá. Irun iwájú tí wọ́n bá ń fà le nígbà gbogbo máa ń pá, nígbà mìíràn kì í sì í hù mọ́.

Bó bá jẹ́ pé dráyà ni dandan, ìgbóná àárín ni kí ẹ lò, kó jìnnà sí irun tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí òòyà sì máa na irun níwájú afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀, òwú ìpàkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, torí ibẹ̀ ló ń gbẹ kẹ́yìn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí irun. Bó bá tutù sí yín lára, omi ṣì wà ńbẹ̀, bó ti wù kí ṣóńṣó gbẹ tó. Omi tó wà nínú okùn irun, bí iná 180°C bá kàn án lójijì, yóò hó níbẹ̀ gan-an. Ooru rẹ̀ á wá ọ̀nà jáde, á sì dá ihò wínníwínní sínú irun bíi ti kàn-ìn-kàn-ìn. Irun bẹ́ẹ̀ á máa kán láàárín. Bí áyọ́ọ̀nù bá dún “ṣíì”, ẹ gbé e kúrò, kí irun lọ gbẹ sí i.

Ìpara tó ń gba irun lọ́wọ́ iná ló kàn, èyí tí silicone bíi dimethicone wà nínú rẹ̀. Kì í dá iná dúró, ó kàn ń jẹ́ kó wọlé pẹ̀lẹ́, kó sì kárí ni. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó fún ìpín kan. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fín ni, kó gbẹ ná. Ẹ má fi òróró dípò rẹ̀.

Ní ti ìgbóná, irun tó ki yàtọ̀ sí irun tí okùn rẹ̀ nípọn. Orí lè kún fọ́fọ́ kí okùn kọ̀ọ̀kan sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn. Okùn ni ẹ ó wò. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí wọ́n ti pa á láró, 150°C. Bó bá nípọn, 180 sí 190°C. 230°C tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù, ẹ bá mi fi sílẹ̀ fún àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ ti ẹ̀yìn ọrùn bẹ̀rẹ̀. Kí ìpín fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kó fẹ́lẹ́ débi tí ẹ ó fi máa rí ìka yín láti òdìkejì. Òòyà ni yóò ṣáájú, áyọ́ọ̀nù á tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́, láti ibi tó fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí awọ orí títí dé ṣóńṣó, láìdúró lójú kan. Ẹ̀ẹ̀kan ló dára. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti parí. Bí kò bá nà, bóyá ìpín ti pọ̀ jù, tàbí irun ṣì rin, tàbí ìgbóná kéré. Àwọn tó bẹ̀rù iná máa ń fi 150°C gba orí irun tó le lẹ́ẹ̀mẹfà; 185°C lẹ́ẹ̀kan sàn lójú tèmi. Kí irun tutù tán kí ẹ tó dì í tàbí fi nǹkan há a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ibi tí ẹ há ni yóò so sí.

Òòyà irin tí wọ́n ń kì bọ iná kò ní nọ́ńbà ìgbóná. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun: bí bébà bá pọ́n, kó tutù sí i. (Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Madam C. J. Walker, obìnrin oníṣòwò irun ará Amẹ́ríkà, ló ṣẹ̀dá òòyà yìí. Kì í ṣe òun; wọ́n ti ń tà á kó tó bẹ̀rẹ̀ òwò irun rẹ̀.) Ní ti oògùn keratin tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ irun, ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Èyí tí kẹ́míkà formaldehyde tàbí methylene glycol bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí à ń lò nínú yàrá ìwẹ̀ tó sé pa; bí iná bá ti kàn án, èéfín formaldehyde ló ń jáde, ó sì lè fa jẹjẹrẹ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù tán, òróró ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta láàárín àtẹ́lẹwọ́, kó kan ṣóńṣó nìkan. Lálẹ́, ẹ fi òòyà yí irun mọ́ orí yípo, kí ẹ wé gèlè ṣẹ́dà lé e. Fìlà ọ̀rá ní ìgbà ìwẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá, ojú ọjọ́ àti òógùn ló máa sọ. Bí ìdí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ má tan áyọ́ọ̀nù padà, ẹ tún òwú kó o sùn.

Ìgbà tí ẹ bá tún fọ orí ni ẹ ó mọ bí iná ṣe ṣe é sí. Ẹ wò ó nígbà tó rin, ní iwájú àti ní ẹ̀bátí pàápàá. Èyí tó bá ká padà wà láàyè. Èyí tó bá kàn ń fì gbọọrọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jóná. Kò sí ìpara tàbí púrótéènì tó lè mú un ká mọ́. Ẹ gé e díẹ̀díẹ̀ bí tuntun bá ṣe ń hù.