Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Yẹn Sọ Lọ́jà Ludlow

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí mọ́ lọ́jà yìí." Àárọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò tíì kúrò létí mi. Bóyá tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ màá róorun sùn.

Oṣù yìí ò rọrùn fún mi rárá, ó sì yẹ kí n jáde nílé. Ludlow ni mo lọ, ìlú kan ní Shropshire nílẹ̀ England, ìtòsí ààlà Wales. Mo wọ tíréènì ní Manchester, a kọjá Shrewsbury, lẹ́yìn ìyẹn òkè àti àgùntàn ṣáá ni lójú fèrèsé. Mo wo ilé olódi táwọn Norman, àwọn tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun England láyé àtijọ́, kọ́ sókè odò Teme, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Laurence, mo sọdá afárá Dinham, mo gun òkè Whitcliffe. Bí ọjọ́ ṣe lọ nìyẹn.

Àmọ́ ọjà yẹn o. Iwájú géètì ilé olódi yẹn gan-an ló wà, bí Ọjà Ọba ṣe wà níwájú ààfin Déjì l'Àkúrẹ́, bí mo ṣe rí i báyìí ara mi balẹ̀. Mo dúró ti ọkùnrin kan tó ń ta ṣíìsì, wáyà tín-ín-rín ló fi ń gé e, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ na díẹ̀ sí mi pé kí n tọ́ ọ wò. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ àwọn màmá méjì lẹ́yìn mi. Èyí tó wọ kóòtù búlúù, tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ló ń sọ fún èkejì pé nígbà kan òun ò lè rìn dé ìdajì ọjà káwọn èèyàn má ti dá òun dúró kí òun, àmọ́ ní báyìí, kò sẹ́ni tó mọ òun mọ́.

Ó kọ́kọ́ bí mi nínú, kí n má parọ́. Màmá, ìlú yín lẹ wà o, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé níbo gan-an lẹ ti wá! Mo rò pé àwa tá a filé sílẹ̀ nìkan la ni irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ládùúgbò mi níbí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kẹ́nikẹ́ni tó pe orúkọ mi níta. Àmọ́ bí mo ṣe ń rìn lọ mo rí i pé èmi ò pàdánù nǹkan kan níbí, mi ò ní in rí. Òun ní in, ó wá ń wò ó bó ṣe ń tán lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì kúrò lójú kan. Èwo ló wá burú jù? Bóyá tèmi náà ni, torí... ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n tọ́jú nǹkan yòókù. Ilé Feathers tí wọ́n kọ́ ní 1619 ṣì dúró, igi ara ẹ̀ dúdú, àárín igi funfun, ọnà ló kún ojú ẹ̀. Buttercross, ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń ta bọ́tà nísàlẹ̀ ẹ̀ nígbà kan, ṣì dúró. Irú ilé bẹ́ẹ̀, o ò kàn lè déédéé pààrọ̀ fèrèsé ẹ̀, àfi kó o gbàṣẹ. Òfin ń ṣọ́ ilé, ta ló ń ṣọ́ àwọn tó ń kí màmá yẹn láàárọ̀? Lóòótọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n tọ́jú, ilé ọjà ńlá oníbíríkì kan wà láàrin gbàgede yẹn tẹ́lẹ̀, 1986 ni wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n màmá ò dárúkọ ilé kankan. Èèyàn ló ń wá.

Áà, àwọn ìjókòó inú ṣọ́ọ̀ṣì! Ìjókòó onígi tó ṣeé ká sókè ni, abẹ́ wọn ni iṣẹ́ ọnà wà, láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan jẹ́ ìyá ọlọ́tí tó ń fi òṣùwọ̀n èké tajà. Ànjọ̀nú gbé e kọ́ èjìká, ife tó fi ń rẹ́ oníbàárà jẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ànjọ̀nú kejì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ jáde látinú ìwé, òmíì ń fun fèrè. Ẹ̀rín pa mí! Mo rántí gbogbo kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú. Ó ti lé ní 500 ọdún, ọjà ṣì mọ obìnrin yẹn. Inú ilé olódi náà ni Arthur, àkọ́bí Ọba Henry Keje, kú sí ní 1502, ọmọ ọdún 15, kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ rárá, gbogbo ìlú mọ òun náà. Màmá tó ti ń rọjà níbẹ̀ látọjọ́ yìí wá ńkọ́?

Mi ò tíì sọ èsì tí èkejì fọ̀. Ó ní, "Èmi ṣáà mọ̀ ẹ́." Kò tiẹ̀ wojú ẹ̀, ẹyin ló ń yẹ̀ wò nínú páálí kó má lọ ra fífọ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Lórí Whitcliffe, níbi téèyàn ti ń rí gbogbo ìlú, ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì àti òkè Clee lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo jókòó tì. Ṣé ẹnì kan tó? Lórí òkè mo ní ó tó. Nínú tíréènì mo ní kò tó. Ní báyìí...

Màá pe ìyá mi lọ́la kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí tó bá ti di ọ̀sán wọn kì í gbé fóònù. Mo fẹ́ bi wọ́n àwọn wo ló kù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń tajà níwájú ààfin. Ìyá eléèlùbọ́ yẹn, mi ò rántí bóyá wọ́n ní wọ́n ṣì ń wá sọ́jà.